Ọ̀nà tí Merri Creek Ń Gbà Dé Odò Yarra

Ìbéèrè tí àwọn ọmọdé sábà máa ń bi mí nígbà tí a bá dúró sí etí omi ni pé, ta ló gbẹ́ ọ̀nà tí odò ń tọ̀? Omi fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń lọ, tí òkúta líle bá sì dènà dè é, yóò yà gba ẹ̀gbẹ́. Odò kékeré tí mo fẹ́ràn jù láti fi ṣàlàyé èyí ni Merri Creek, ní ìpínlẹ̀ Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Merri Merri ni àwọn Wurundjeri, onílẹ̀ ibẹ̀, ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí òkúta pọ̀ sí.

Nítòsí ìlú Wallan, ní àríwá Melbourne, ló ti ṣẹ̀, ó sì tinrín níbẹ̀ dé ibi tí ọmọdé lè fò ó kọjá. Láti ibẹ̀ ló ti dorí kọ gúúsù, ó ń gba àárín pápá tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má jẹ́ kí pápá yẹn tàn yín jẹ o, nítorí òkúta ló wà lábẹ́ koríko rẹ̀. Láyé àtijọ́, kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, òkè ayọnáyèéfín tú òkúta yíyọ́ jáde, òkúta náà ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná wọ inú àfonífojì, ó tutù, ó sì le. Bí ẹ bá mú ọ̀kan lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ó dúdú, ihò wẹẹrẹ sì wà lára rẹ̀ bí ti inú búrẹ́dì: atẹ́gùn gbígbóná tó há sínú rẹ̀ ló fi ihò wọ̀nyẹn sílẹ̀.

Ẹ kó yanrìn jọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ri òkúta mẹ́ta mọ́ ọn, kí ẹ wá rọra da omi láti orí rẹ̀. Ẹ ó rí i bí omi yóò ṣe máa pẹ́ òkúta sílẹ̀. Ìdí nìyí tí odò náà fi gùn tó nǹkan bí 70 kìlómítà, nígbà tí ẹyẹ tó bá fò tààrà láti Wallan dé òpin rẹ̀ kò ní fò tó 50.

Ní Coburg, àdúgbò kan ní Melbourne, wọ́n dí odò náà, ó di adágún. Ewé tí ọmọ kan bá jù sómi ní Wallan, mo rò pé ibẹ̀ ni yóò há sí. Òkúta agbègbè yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Pentridge.

Láti ibẹ̀, àárín ilé ló kù tí odò ń gbà. Òjò tó rọ̀ sórí páànù àti ọ̀dà títì ń gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ já sínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí tó bá bá pàdé. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ wo ẹ̀ka igi etí odò: ọ̀rá tó há sókè níbẹ̀ ló ń fi ibi tí omi kún dé hàn, nígbà mìíràn ó máa ń ga ju orí àgbàlagbà lọ.

Níbi tí wọ́n ń pè ní Dights Falls ló ti wọ inú odò ńlá Yarra. Wọ́n ti mọ odi dí Yarra níbẹ̀ látijọ́ kí omi lè máa yí ọlọ ìyẹ̀fun. Lónìí, ọ̀nà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà tí ẹja ń gbà gòkè. Yarra ló wá ń gbé omi Wallan gba àárín Melbourne lọ sí Port Phillip, apá òkun tó wọ inú ilẹ̀, níbi tó ti di omi iyọ̀.