Iyọ̀ Ojú Títì Àti Abẹ́ Píkọ́ọ̀pù Yín

Ẹ̀yin ará wa tó ń wa píkọ́ọ̀pù ní Buffalo, Cleveland, Detroit àti Minneapolis, bọ́dì tí ẹ ń fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Abẹ́ ibẹ̀ ni, níbi tí ṣasí, sípíríǹgì àti páìpù bíréèkì wà, tí ojú kì í tètè dé.

Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń mú irin dógùn-ún. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́ ló ń tì wọ́n lẹ́yìn kí iṣẹ́ náà lè yá. Bí òtútù bá sì ti le ju nǹkan bíi 15 Fahrenheit lọ, iyọ̀ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí yìnyín mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo irú iyọ̀ mìíràn, calcium chloride tàbí magnesium chloride. Àwọn méjèèjì yìí máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Títì lè gbẹ táútáú, kí ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ mọ́tò yín ṣì máa rin.

Ooru tún ń mú kí ìpaàrà yára. Mọ́tò tí ẹ gbé wọnú gáréèjì tó móoru pẹ̀lú iyọ̀ lábẹ́ rẹ̀ máa ń jẹ kíákíá ju èyí tó sùn síta nínú òtútù lọ. Nítorí náà, nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń túra ká, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ fọ abẹ́ rẹ̀ jù lọ. Láàárín ìgbà òtútù náà, ẹ mú ọjọ́ tí omi kò ní dì. Ẹ jẹ́ kí omi gba inú ihò ara ṣasí, òkè táńkì epo àti ẹ̀yìn táyà. Àwọn ibi ìfọmọ́tò kan máa ń tún omi tí wọ́n ti fi fọ mọ́tò mìíràn lò, iyọ̀ sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ohun tí a ń fọ́n sábẹ́ mọ́tò, n kò fara mọ́ ọ̀dà dúdú onírọ́bà yẹn. Ó ń wuni lójú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ́n ọn. Tó bá pẹ́, á le, á sán, omi iyọ̀ á gba ojú sísán náà wọlé, kò sì ní ríbi jáde. Irin á máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Òróró tí kì í gbẹ ni mo fẹ́, irú Fluid Film tàbí Woolwax tí wọ́n fi ọ̀rá ara irun àgùntàn ṣe, bí àgbẹ̀ ṣe ń fi epo pa àdá kó tó gbé e pamọ́. Ọdọọdún lẹ ó máa tún un fọ́n, ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, kí iyọ̀ tó dé. Ẹ kọ́kọ́ fọ abẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha èyí tó ń ṣí kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ti họ́ọ̀sì gígùn bọ inú ṣasí, torí láti inú ló ti sábà máa ń jẹ wá síta. Ẹ má ṣe dí ihò tí omi ń gbà jáde. Òróró náà kò gbọdọ̀ kan bíréèkì, kò gbọdọ̀ kan sálẹ́ńsà, ẹ sì yà á kúrò lára bùṣì onírọ́bà kó má baà wú. Á máa rùn bí àgùntàn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fara dà á.

Páìpù bíréèkì ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní 2015, NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, parí ìwádìí lórí páìpù bíréèkì tó ń jẹrà lára píkọ́ọ̀pù àti jíìpù General Motors ti 1999 sí 2003. Wọn kò pàṣẹ kí ilé iṣẹ́ náà gba ọkọ̀ padà fún àtúnṣe. Wọ́n ní kí oníkálukú máa fọ abẹ́ mọ́tò, kó sì máa yẹ páìpù wò. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ tiyín, ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ̀lì ṣe, kì í dógùn-ún.

Ẹ máa fi òòlù kan ṣasí jẹ́jẹ́. Irin tó le á dún gooro. Bó bá dún bòmù, tàbí tí sikurudíráfà wọlé, òróró kankan kò lè gbà á là mọ́. Toyota pàápàá, nínú ẹjọ́ tí wọ́n parí ní ìtùnbí-ìnùbí ní 2016 lórí Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 sí 2008 àti Sequoia 2005 sí 2008, gbà láti pààrọ̀ odindi ṣasí fún èyí tó bá ti jẹ kọjá ààlà. Wẹ́dà tó bá ní òun á lẹ irin pélébé mọ́ ọn, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra mọ́tò ránṣẹ́ sí Èkó ńkọ́? Píkọ́ọ̀pù tó ti Ohio tàbí Michigan wá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun abẹ́ rẹ̀ dúdú kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ fura sí i. Ẹ tanná wo inú ihò ṣasí, ibẹ̀ ni ọ̀dà kì í dé. Ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí ẹ fi jáàkì gbé e sókè, ẹ má san kọ́bọ̀.