Kámẹ́rà Tó Ti Ilé Àtúnṣe Bọ̀: Ẹ Tún Un Tò Kí Ẹ Tó Gbé E Lọ Òde

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gba kámẹ́rà mi ní gáréèjì Utako ní Abuja, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe ní Èkó. Ṣọ́tà rẹ̀, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, ló kú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìsọmọlórúkọ kan wà nílẹ̀ ní Kubwa. Mo ti bátìrì bọ inú rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹta, ìró ṣọ́tà tuntun náà mọ́ létí, ọkàn mi balẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e kọ́rùn, ó di Kubwa.

Alẹ́ ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. JPEG nìkan ni kámẹ́rà náà ń yà láti àárọ̀. RAW, fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí láì tíì pinnu àwọ̀ rẹ̀, kò sí níbẹ̀, ẹyọ kan péré kò sí. Abẹ́ tapólì búlúù ni wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ, ìmọ́lẹ̀ tapólì yẹn sì ti kun ojú ọmọ àti ojú ìyá àgbà tó gbé e mọ́ra. Ká ní RAW ni, kò ní pẹ́ tí n ó fi dá àwọ̀ ara wọn padà. Ṣùgbọ́n nínú JPEG, kámẹ́rà ti pinnu àwọ̀ tán, ó sì ti da ìyókù nù. Mo ṣe é títí ilẹ̀ fi ń mọ́ bọ̀, àwọ̀ ìyá àgbà yẹn kò padà sí bí mo ṣe rí i lójúkojú. Ìran mẹ́rin ló jókòó pa pọ̀ nínú àwòrán yẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí kámẹ́rà ti ilé àtúnṣe bọ̀ kó lọ òde láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ sun ọjọ́ méjì nílé mi. Ohun tí mo ń ṣe láàárín ọjọ́ méjì yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ má bínú sí alátùn-únṣe o. Ẹni tó ń wá àrùn inú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni tàbí bí olówó rẹ̀ ṣe tò ó ló fà á. Ọ̀nà tó dá a lójú jù ni kó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nínú páálí. Bí wọ́n bá tún wá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀, gbogbo bí ẹ ṣe ti ń tò ó láti ọdún mẹ́ta lè bá bọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ, torí orí rẹ̀ ló ń gbé. Wọ́n sì sábà máa ń fi firmware tuntun, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń darí kámẹ́rà, sí i kí wọ́n tó dá a padà. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe. Títò ni iṣẹ́ tiwa.

Títò yìí sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi kámẹ́rà ránṣẹ́. Bí ó bá ṣì ń tàn, ẹ fi ètò inú rẹ̀ pamọ́. Ọ̀pọ̀ Nikon ní ibì kan nínú Setup tó ń jẹ́ Save/Load Settings. Ó máa kọ fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCSETUP sórí káàdì. Àwọn Sony tuntun bíi α7 IV ní irú rẹ̀. Ti Fujifilm, ẹ lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú X Acquire. Nínú Canon, àwọn ńláńlá bíi EOS-1D X ní i, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ àwa tí à ń ya òde, bíi 6D àti 80D, kò ní i.

Ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn pàdánù fáìlì yìí ni káàdì fúnra rẹ̀. Wọ́n á fi ètò pamọ́ sórí káàdì, wọn á gbé káàdì náà lọ sí òde míì, wọn á fọ́máàtì rẹ̀, fáìlì bá a lọ. Ẹ dà á sórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà, torí kámẹ́rà kò ní dá a mọ̀ mọ́, kí ẹ sì rántí fódà tó wà nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni ẹ máa dá a padà sí. Fáìlì kámẹ́rà kan kì í sì ṣiṣẹ́ fún irú kámẹ́rà míì, bí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí kámẹ́rà yín kò bá ní ọ̀nà yìí, fóònù yín ń bẹ. Ẹ ṣí mẹ́nù ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ ya á. Ẹ yí bọ́tìnì róbótó orí rẹ̀ sí C1, ọ̀kan nínú àyè tí kámẹ́rà ti ń tọ́jú ètò tí ẹ tò fúnra yín, ẹ ya ti C1. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún C2 àti C3, tàbí U1 àti U2 bí ó bá jẹ́ Nikon. Tèmi jẹ́ àwòrán 41. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara mi lórí WhatsApp, kí ó má bàa sọnù sáàárín àwòrán ọmọ àti ti ọjà. Kódà ẹni tó ní fáìlì, mo ní kó ṣe èyí náà, torí bí firmware bá ti yí padà, kámẹ́rà lè má gba fáìlì àtijọ́ mọ́.

Ó dáa, kámẹ́rà ti dé. Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bátìrì kékeré kan wà nínú kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí aago máa rìn nígbà tí bátìrì ńlá kò bá sí níbẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ti pẹ́ lórí tábìlì láìní bátìrì, kékeré yìí á ti kú, aago á sì ti padà sí ọdún tí kò bá tiwa mu. Bátìrì ńlá ló ń fún un lágbára, nítorí náà ẹ fi èyí tó kún sínú kámẹ́rà, kó wà níbẹ̀ fún bíi ọjọ́ méjì. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ kó sùn nílé. Àkókò wa fi wákàtí kan ṣáájú GMT. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ẹ kò ní rí Abuja. Paris tàbí Berlin ló sábà wà níbi UTC+1. Ẹ mú un, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ pa ti àsìkò ooru, torí àwọn ará ibẹ̀ ń yí aago wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àwa kì í yí tiwa. Bí ẹ bá ń fi kámẹ́rà méjì ya ìgbéyàwó, ẹ gbé méjèèjì síwájú aago fóònù kan, kí ẹ tò wọ́n pa pọ̀. Wákàtí kan péré tí ọ̀kan fi yàtọ̀ sí èkejì ti tó láti mú kí ìyàwó gé kéèkì ṣáájú kó tó wọ gbọ̀ngàn, bí àwòrán bá ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn aago, RAW. Lẹ́yìn RAW, káàdì kejì, bí kámẹ́rà yín bá ń gba méjì. Ti Nikon máa ń padà sí pé kí káàdì kejì dúró títí ti àkọ́kọ́ yóò fi kún. Ti Canon máa ń kọ sórí ẹyọ kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí méjèèjì máa gba ohun kan náà, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un.

Ẹ wá èyí tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà yà láìsí káàdì, kí ẹ pa á. Bí ó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ wá ni pé ó gbà kí ẹ yà láìsí káàdì, torí àwọn tó ń tà á fẹ́ kí oníbàárà gbìyànjú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ya yìgì kan ní Garki láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tí wọ́n ń ṣe àdúà, ṣọ́tà ń dún, àwòrán ń jáde lójú kámẹ́rà, káàdì sì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ìró pí-pí náà á ti padà, ẹ pa á kí ẹ tó wọ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ orúkọ yín padà síbi Copyright.

Nọ́ńbà àwòrán náà lè ti padà sí 0001, kí tuntun wá gorí àtijọ́ nínú fódà kan náà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ mú káàdì tó ní àwòrán tí ẹ yà kẹ́yìn kí kámẹ́rà tó bàjẹ́, ẹ fi í sínú rẹ̀, ẹ tò ó sí Continuous, ẹ ya ẹyọ kan. Nínú Canon àti Nikon tí mo ti lò, ibi tó parí sí lórí káàdì yẹn ló ti ń bá a lọ.

Fídíò ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń lọ ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà gílóòbù ń mọ́lẹ̀, ó ń rọ̀, nígbà 100. Ojú wa kì í rí i, kámẹ́rà ń rí i. Bí ẹ bá fi ṣọ́tà sí 1/50, ìyẹn ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ìmọ́lẹ̀ méjì péré-péré ló máa wọ inú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 1/100, ẹyọ kan ni. Ṣùgbọ́n 1/60 máa ń gba ẹyọ kan àti ààbọ̀ pẹ̀lú díẹ̀, ohun tó sì gbà yìí kì í rí bákan náà nínú àwòrán tó tẹ̀lé e. Ohun tí ẹ máa rí ni ìlà dúdú tó ń rìn kọjá lójú ìyàwó. Kámẹ́rà tí wọ́n dá padà sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá lè padà sí NTSC, tó ń ya àwòrán 30 tàbí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí iná Amẹ́ríkà ṣe rí. Ẹ dá a padà sí PAL, kó máa ya 25 tàbí 50. Bí oníbàárà bá ní 60 ni òun fẹ́ torí kí ijó lè fà lọ jẹ́jẹ́, ẹ fi ṣọ́tà sí 1/100, ìlà yẹn kò ní jáde. Jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń da èyí rú: bí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnì á fà, 50 yẹn á rẹlẹ̀. Níbi tí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì tó ń wọ́lẹ̀ tó ń gòkè, iná tó ń lo bátìrì ni mo ń gbé kalẹ̀.

Ẹ̀yin tó ṣì ń lo DSLR, ohun kan wà tí mo ní kí ẹ má dá padà bó ṣe wà. Nínú kámẹ́rà oní-dígí, ohun tó ń wá fókọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí sẹ́ńsọ̀ tó ń ya àwòrán, bí wọn kò bá sì tò gún régé, fókọ́ọ̀sì á bọ́ sí iwájú ojú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwa fi AF Microadjustment tàbí AF Fine-Tune tún un ṣe fún lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan. Bí alátùn-únṣe bá ti wá tún dígí tàbí sẹ́ńsọ̀ tò, àṣìṣe àtijọ́ ti lọ. Bí ẹ bá wá tẹ nọ́ńbà àtijọ́, bíi +7, padà, ẹ̀yin lẹ dá àṣìṣe tuntun sílẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó wà ní òdo, kí ẹ wọ̀n ọ́n lọ́tun. Agolo tòmátò márùn-ún ni mo ń tò sórí tábìlì ní ìdábùú, kí ọ̀kan máa tẹ̀lé èkejì lọ sẹ́yìn. Mo máa gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, máa ṣí lẹ́ńsì tán, máa wo inú ihò tí à ń gbójú sí, máa fi fókọ́ọ̀sì sí agolo àárín. Fún lẹ́ńsì 50mm, mítà méjì ààbọ̀ dára. Lẹ́yìn náà, máa fi Live View, ìyẹn wíwo àwòrán lójú kámẹ́rà dípò ihò, ya ọ̀kan, torí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wá fókọ́ọ̀sì níbẹ̀, kí n wá fi méjèèjì wéra. Ẹni tó ń lo mirrorless, kámẹ́rà tí kò ní dígí, kò ní wàhálà yìí.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń yàwòrán ní Lugbe pè mí lọ́dún tó kọjá, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní wọ́n ti ba fókọ́ọ̀sì òun jẹ́, òun ti di kámẹ́rà náà sínú páálí padà láti fi ránṣẹ́ sí Èkó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú u. Ẹ gbójú sí ihò rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké ìsàlẹ̀ yẹn, ṣé ẹ rí wọn dáadáa?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní wọ́n ṣú. Mo sọ fún un pé kì í ṣe fókọ́ọ̀sì ló bàjẹ́, pé bọ́tìnì róbótó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, èyí tí a fi ń bá ojú ẹni tó ń wò ó mu, kí ó máa yí i díẹ̀díẹ̀ láìgbé ojú kúrò. Mo gbọ́ bó ṣe ń yí i lórí fóònù, ká, ká, ká. Ó ní, "Dúró. Áà. Ó ti mọ́."