Kí ló dé tí a fi ń rẹ ẹran ara láró kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta, ló da ìbéèrè wọ̀nyí bò mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní hepatitis B, ó sì ti pẹ́ lára rẹ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ fa ẹran díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ náà, ó wá ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù, pé lábù fẹ́ fi aró mìíràn rẹ ẹ́. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mo bá jókòó.

*Ọmọ mi, ṣé ẹran yẹn kò ní àwọ̀ tirẹ̀ ni?*

Ó ní in, mà, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gé e kì í jẹ́ kó hàn. A ó kọ́kọ́ rì í sínú fọ́màlín kó má bàa jẹrà, a ó fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ìda yíyọ́ á gba ipò omi náà, kó lè le tó láti gé. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000: nǹkan bíi mẹ́rin péré nínú rẹ̀ ni ohun tí a gé nípọn tó. Ìmọ́lẹ̀ á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni, bí ìgbà tí èèyàn mí sára gíláàsì.

*Wọ́n ní ẹ ti rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ló tún kù?*

Àkọ́kọ́ yẹn ni haematoxylin àti eosin, gbogbo ẹran ló ń gbà á. Inú igi kan tó ń hù ní Mẹ́síkò ni a ti ń rí haematoxylin. Ó ń mú kóró inú sẹ́ẹ̀lì dúdú bí ẹlú; eosin á sọ ìyókù di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni wàhálà wà: iṣan pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kọ́lájìn náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Kọ́lájìn ni okùn tí ara fi ń so ara rẹ̀ pọ̀. Òun ló wà nínú pọ̀nmọ́ tí eyín fi ń jà mọ́ ọn, òun ló sì ń jẹ́ kí omi ẹsẹ̀ màlúù dì bí ẹ̀kọ tó bá tutù. Díẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ nílò. Ṣùgbọ́n tí àrùn bá ń ṣe é léṣe lọ́dọọdún, kọ́lájìn ni ara fi ń lẹ ojú ọgbẹ́, àpá á máa nà láti ibì kan dé èkejì títí yóò fi yí ẹ̀dọ̀ ká. Dókítà máa ń kà á láti 0 dé 4. Ní 4, ẹ̀dọ̀ ti di kókó-kókó. Ìtọ́jú àbúrò yín wà lọ́wọ́ nọ́ńbà yẹn. Ta ló fẹ́ ka pupa láàárín pupa?

*Báwo ni aró ṣe mọ èyí tó máa mú?*

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà nílẹ̀ níwájú wa, ẹ̀kọ láfún ṣì gbẹ lára rẹ̀, ó ti sán wẹ́wẹ́. Mo nàka sí i. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í ráyè. Nínú ẹran ara, kò sẹ́ni tó fi ìyẹ́ kun nǹkan kan. Bí ẹran ṣe ki sí ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ.

Ní 1889, Ira van Gieson ní Amẹ́ríkà po aró méjì pọ̀ sínú omi kan. Picric acid yẹ́lò ni, ẹ̀yà rẹ̀ kéré. Acid fuchsin pupa ni, tirẹ̀ tóbi. Iṣan ki pọ́pọ́, yẹ́lò á tètè há sí gbogbo ihò rẹ̀, pupa kò ní ríbi wọlé. Kọ́lájìn ní àlàfo tó fẹ̀, pupa á wọ ibẹ̀ lọ jókòó. Ìtóbi nìkan kọ́ o. Nínú ásíìdì, ara kọ́lájìn máa ń fa irú aró bẹ́ẹ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí omi aró wa fi máa ń kan.

Pierre Masson, ará Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Kánádà, gbé tirẹ̀ jáde ní 1929, òun ni mo fẹ́ràn jù. A ó fi pupa rẹ gbogbo ẹran. A ó wá da ásíìdì kan lé e tó ń lé pupa kúrò lára kọ́lájìn ṣáájú iṣan. Ibi tí pupa ti jáde ni búlúù á wọ̀. Nígbà tí mo bá gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, tí mo rí okùn búlúù tó ń lọ láàárín ẹ̀dọ̀ pupa, mo mọ̀ pé àpá ni mò ń wò.

*Ṣé ó máa ń bàjẹ́ bíi ti aṣọ?*

Ó ń bàjẹ́, mà. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé sílàìdì van Gieson sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo ń fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń fọ ìyókù. Ojú mi báyìí ni yẹ́lò ṣe ṣàn wọ kòtò omi. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó ní kí n lọ gé òmíràn. Ẹran aláìsàn náà kò sì pọ̀ nílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń gé e. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi bébà fa omi aró kúrò ni, kíákíá. Picric acid pàápàá kò gbọdọ̀ gbẹ nínú ìgò, nítorí tó bá gbẹ, ó lè bú gbàù.

*Èwo ló dára jù?*

Tí a bá fẹ́ wọn bí kọ́lájìn ṣe pọ̀ tó, Sirius Red ni. Aró aṣọ òwú ni tẹ́lẹ̀, mà. Àwọn okùn tín-ín-rín tí van Gieson ń fò, ó ń mú wọn, kì í sì tètè ṣá.

*Ta ló sọ fún yín pé aró náà kò parọ́?*

Gbogbo ìgbà tí a bá ń rẹ ẹran aláìsàn, a máa ń ki ẹran kan mọ́ ọn tí a ti mọ ibi tí kọ́lájìn rẹ̀ wà. Tí ìyẹn bá kọ̀ tí kò mú búlúù, a kì í ka ti aláìsàn rárá. A ó tún un gé, a ó tún un rẹ. Nígbà mìíràn, ohun tó ń mú èsì pẹ́ nìyẹn.

Ìyá náà mi orí. Ó ní àwọn náà máa ń ti àkísà bọ ìkòkò aró wò, kí wọ́n tó ki aṣọ oníbàárà bọ̀ ọ́.