Ọkọ̀ onírìmóòtù tó ń ṣe ségesège: ta ló ń dà á láàmú?

Bàbá kan ní àdúgbò wa gbé ọkọ̀ onírìmóòtù ọmọ rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe é: máàsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́ ẹ̀yìn ilé àwọn ni. Mo gbé ọkọ̀ náà sórí tábìlì, mo tẹ rìmóòtù, táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ kan báyìí, ohun kékeré tó ń pa ariwo iná lẹ́nu mọ́, tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, ló já kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà, gbígbọ̀n náà sì tán. Máàsì ṣì wà níbi tó wà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè lórí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń ṣe bíi ti bàbá yẹn: ìta ni wọ́n ti ń wá ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn díẹ̀ nínú wọn síbí.

Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kàn ń yí táyà iwájú, ọkọ̀ mi ń gbọ́rọ̀. Tí mo bá ti fún un níná pẹ́nrẹ́n ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya kiri fúnra rẹ̀. Kí ló fà á?

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ẹ gbé ọkọ̀ náà lé nǹkan kí táyà má kanlẹ̀, ẹ yọ wáyà méjèèjì tó lọ sí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá máa fi rìmóòtù yí táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì. Bí kò bá gbọ̀n, ẹ dá wáyà padà, kí ẹ máa fún un níná díẹ̀díẹ̀. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ti tẹ olè: ẹ́ńjìnnì yẹn ni.

Nínú ẹ́ńjìnnì olówó pọ́ọ́kú, kábọ́ọ̀nù méjì ló máa ń ha ara bàbà tó ń yí, kí iná lè ráyè wọlé. Níbi tí wọ́n ti ń ha ara wọn, iná ń ta pàrà, pàrà. Ẹ wò ó nínú òkùnkùn láti ojú ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń ṣẹ́ bí búlúù. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Iná títa báyìí ni Heinrich Hertz fi ṣe ìgbì rédíò ní Karlsruhe ní Jámánì láàrin 1886 sí 1888, irú rẹ̀ náà ni Marconi sì fi ránṣẹ́ kọjá òkun lẹ́yìn náà. Ẹ rí i pé ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ti wà nínú ọkọ̀ yín, kò sì ju ìka mẹ́rin lọ sí etí rìsífà, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rìmóòtù nínú ọkọ̀. Rìmóòtù tiyín wà lókèèrè, ó ń pè. Aládùúgbò yìí ń pariwo mọ́ ọn lẹ́nu.

Kàpásítọ̀ ni wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ ra mẹ́ta, àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ 104 sí lára. Ọ̀kan á so ẹsẹ̀ iná méjèèjì ẹ́ńjìnnì pọ̀. Èkejì á ti ara ẹsẹ̀ kan lọ sí ara agolo ẹ́ńjìnnì, ẹ̀kẹta á ti ara ẹsẹ̀ kejì lọ sí ara agolo kan náà. Ara agolo yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, torí lẹ́ẹ̀dì kì í gbá irin dídán mú: á dì mọ́ ọn bí ẹni pé ó ti mú, ẹ fi ìka kàn án, á sì ṣí bọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀ títí yóò fi rí hárahàra. Ẹ jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń jó lẹ́ẹ̀dì gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́ lórí rẹ̀, ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ màgínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú. Kí ẹ gé ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ kúrú, nítorí ẹsẹ̀ gígùn á tún di éríà, wáyà tó ń gbé ìgbì rédíò, fún ariwo tí ẹ ń lé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ́ wáyà ẹ́ńjìnnì méjèèjì mọ́ra wọn, kí ẹ sì gbé rìsífà jìnnà sí i bí àyè bá wà. Bí kábọ́ọ̀nù bá ti jẹ tán, tí bàbà sì ti dúdú, ogún kàpásítọ̀ kò ní ran ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ra ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ẹni tí kò bá ní ohun èlò tó fi lè wọn ariwo, kó wá rédíò kékeré, kó yí i sí AM níbi tí ilé iṣẹ́ kankan kò sí, kó gbé e sún mọ́ ọkọ̀ náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, rédíò á máa há kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá jó kàpásítọ̀ mọ́ ọn tán, ẹ tún gbọ́ ọ. Etí yín á sọ fún yín bóyá iṣẹ́ ṣe tàbí kò ṣe.

Ṣé jẹnẹrétọ̀ náà lè fà á?

Fún àwọn ọkọ̀ 27 MHz (nọ́ńbà ìgbì rédíò tí rìmóòtù ń lò nìyẹn), bẹ́ẹ̀ ni. Pílọ́ọ̀gì rẹ̀ náà ń ta iná. Ẹ sún kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó yí padà.

Ọmọ mi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra irú ọkọ̀ kan náà. Bí tibí bá tẹ rìmóòtù, ti ọ̀hún ló ń rìn. Àfi ìjà lójoojúmọ́!

Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ tàbí abẹ́ ọkọ̀, ẹ ó bá 27 MHz níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́fà tí wọ́n ń fi àwọ̀ dá mọ̀ ló wà fún ọkọ̀ onírìmóòtù lórí ìgbì yìí, láti 26.995 dé 27.255 MHz, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ọkọ̀ ìṣeré olówó kékeré sí. Rìsífà rẹ̀ kò mọ ọ̀gá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ké lójú ọ̀nà yẹn ló ń jẹ́ fún. Kò sí àtúnṣe kankan tí mo lè bá yín ṣe sí i ju kí ẹ pààrọ̀ ọ̀kan sí 40 tàbí 49 MHz, tàbí sí 2.4 GHz.

Ọkọ̀ àwọn àgbà láyé àtijọ́ tó ń lo irú ìgbì yìí máa ń ní kírísítà tó ṣeé yọ, ohun kékeré tó ń pinnu ọ̀nà ìgbì, ọ̀kan nínú rìmóòtù, ọ̀kan nínú rìsífà. Ẹ má gbé ọ̀kan sí ipò èkejì: wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n 455 kHz ló wà láàrin wọn. Láyé ìgbà yẹn, ní pápá àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ báyìí ní Bírítéènì àti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gbé pátákó kan kalẹ̀ tí wọ́n so nǹkan bíi pẹ́ẹ̀gì aṣọ mọ́, ọ̀kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mú pẹ́ẹ̀gì ọ̀nà tirẹ̀ kò gbọdọ̀ tan rìmóòtù rárá.

Ẹni tó ta 2.4 GHz fún mi ní kò sí ohun tó lè dí i lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn rìmóòtù yìí kì í dúró sójú kan: wọ́n ń fò láti ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn nígbà púpọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, rìsífà nìkan ló sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ kàn. Òṣèré sinimá kan, Hedy Lamarr, pẹ̀lú olórin George Antheil, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ìfò yìí ní Amẹ́ríkà ní 1942. Ohun ìjà abẹ́ omi ni wọ́n ṣe é fún. Rìsífà tún máa ń há rìmóòtù tirẹ̀ sórí lọ́jọ́ tí ẹ bá mú wọn mọ ara wọn, ìyẹn bind, kì í sì í dá ẹlòmíràn lóhùn mọ́.

Síbẹ̀, Wi-Fi àti ààrò máíkíróòfù ń lo àyíká ìgbì kan náà. Ẹ kíyè sí i: bí wọ́n bá tilẹ̀ dí i lọ́wọ́, ọkọ̀ 2.4 GHz kì í gbọ̀n. Ibi tó lè dé ni yóò kúrú, tàbí kó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún dáhùn. Bí tiyín bá ń gbọ̀n, ẹ má tilẹ̀ fura sí rédíò, servo (ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí táyà iwájú) tàbí iná ni kí ẹ wò.

Éríà ló tún kù. Nínú rìsífà 2.4 GHz, góńgó wáyà éríà tí kò ní ìbora irin, bíi mílímítà 31, nìkan ló ń gbọ́rọ̀. Ẹ nà án sókè nínú ihò rọ́bà rẹ̀, ẹ má ká a mọ́ abẹ́ bátìrì, ẹ má sì fi pamọ́ sẹ́yìn irin tàbí carbon. Ti 27 MHz ni kí ẹ má gé rárá. Ọ̀gbẹ́ni kan gé tirẹ̀ kù sí ìka méjì nítorí ó ń wọ́ nílẹ̀. Ó wá ń bi mí ìdí tí ọkọ̀ fi ń yadi bó bá ti kọjá géètì.

Ẹ́ńjìnnì tèmi kò ní kábọ́ọ̀nù, brushless ni, 2.4 GHz sì ni. Bí mo bá ti yí i lójijì lórí eré, á kú pátápátá, á tún jí.

Ebi iná ló ń pa rìsífà yín. Òun àti servo tó ń yí táyà iwájú, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. BEC ni wọ́n ń pe abọ́ ọ̀hún. Inú ESC, ìyẹn ohun tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì, ló máa ń wà, tó ń bu iná bátìrì kù sí nǹkan bíi fóltì márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí táyà bá há mọ́ òkúta, tàbí tí ẹ yí i lójijì, servo á bu òkèlè ńlá. Bí oúnjẹ kò bá tó, fóltì á já wálẹ̀, rìsífà á dákú, á sì máa jí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ náà lé nǹkan, ẹ fi ọwọ́ di táyà iwájú mú nígbà tí ẹ bá ń yí i, kí ẹ máa wo iná kékeré ara rìsífà. Bó bá kú tàbí tó ń ṣẹ́jú, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ohun tí kò náni lówó ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ẹ dín bí táyà ṣe ń yí tó kù lórí rìmóòtù, kí servo má máa ti ohun tí kò lè kọjá. Ẹ wo ojú ibi tí ẹ ti ń so bátìrì, bóyá ó ti jó tàbí ó ti yọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ronú BEC ńlá tó dá dúró. Àwọn kan máa ń ki kàpásítọ̀ 4700 µF sí ihò tó ṣófo lára rìsífà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún òùngbẹ kúkúrú, ṣùgbọ́n ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Èmi fi ti àkọ́kọ́ mi sódì. Ó bú gbàmù, òórùn rẹ̀ kò kúrò ní pálọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyàwó mi sì lé èmi àti áyọ́ọ̀nù mi síta.

Brushless tí kò ní sensor, ohun tó ń sọ ibi tí ẹ́ńjìnnì yí dé, tún máa ń ta kọ́sọ́kọ́sọ́ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Àìsàn kọ́ nìyẹn. Bí ọkọ̀ olóbátìrì LiPo bá sì ń já gìrìgìrì lópin eré, ESC ló ń dáàbò bo bátìrì tó ti fẹ́ tán. Ẹ lọ ṣájì.

Ọkọ̀ mi sá wọ gọ́tà nígbà tó jìnnà jù sí mi. Ṣé kò yẹ kó dúró fúnra rẹ̀ ni?

Ó yẹ, bí ẹ bá ti ṣètò failsafe rẹ̀, ìyẹn ohun tí yóò ṣe bí kò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́. Àwọn rìsífà kan ń há ipò tí ìka yín wà lójú bind sórí: bí ẹ bá ń tẹ iná lọ́wọ́ nígbà náà, sísáré ni yóò máa sá bí kò bá gbọ́ yín mọ́. Ẹ tún bind náà ṣe láìfọwọ́ kan ibi tí ẹ fi ń fún un níná. Ẹ gbé táyà sókè, ẹ fún un níná díẹ̀, kí ẹ pa rìmóòtù. Bí táyà kò bá dúró kíákíá, ẹ má gbé e jáde. Àti pé rìmóòtù ni ẹ ó kọ́kọ́ máa tàn, ọkọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ máa pa.

Èyí tó ti wọ gọ́tà yẹn, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ báyìí-báyìí, ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, kí ẹ sá a títí yóò fi gbẹ dénú. Bátìrì náà bá wú, ẹ má fi ṣájà kàn án mọ́.