Ìtúpalẹ̀ ọkàn àti ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ nínú fíìmù

Ìtúpalẹ̀ ọkàn nínú fíìmù jẹ́ ọ̀nà ìwádìí tó ń lo ẹ̀kọ́ Sigmund Freud, oníṣègùn ará Ọ́sítríà, àti ti àwọn tó tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ó ń wo bí fíìmù ṣe ń fi ìfararora hàn, àti bí ìfẹ́ tí ènìyàn kò lè jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ pàápàá ṣe ń wá ọ̀nà yọjú. Ẹgbẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí àti sinimá. Ní 1895 ni Freud àti oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀, Josef Breuer, gbé ìwé wọn jáde lórí hysteria, àìsàn tí wọ́n gbà pé inú ọkàn ló ti ń wá. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière, aṣáájú nínú iṣẹ́ sinimá, kọ́kọ́ gbowó ìwòran ní Paris.

Freud ní ìfẹ́ tí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù bá tẹ̀ rì kì í kú. Ó ń paradà ni, á wá gba ojú àlá tàbí àṣìsọ yọ. Ó ní aṣọ́bodè kan wà nínú ọkàn tí kì í jẹ́ kí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá, àfi tó bá gbé àwọ̀ mìíràn wọ̀. Àwọn olùdarí eré ní Hollywood mọ irú aṣọ́bodè bẹ́ẹ̀, nítorí láti 1934 ni wọ́n ti fọwọ́ líle mú òfin Hays, tó ká wọn lọ́wọ́ kò lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Ní ìparí fíìmù North by Northwest (1959), ọkùnrin kan fa ìyàwó rẹ̀ sókè sórí ibùsùn inú ọkọ̀ ojú irin. Àwòrán tó kàn ni ti ọkọ̀ náà tó ń wọ inú ihò abẹ́ òkè lọ. Ó yé gbogbo èrò ìwòran.

Freud fúnra rẹ̀ kò gba ti sinimá. Samuel Goldwyn, agbéréjáde ní Hollywood, fi 100,000 dọ́là lọ̀ ọ́ kó lè bá òun ṣe fíìmù, ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Karl Abraham àti Hanns Sachs, ni wọ́n gba olùdarí eré G. W. Pabst nímọ̀ràn ní Jámánì lórí fíìmù Geheimnisse einer Seele ("Àṣírí Ọkàn Kan", 1926), ìtàn ọkùnrin kan tí kò lè fọwọ́ kan ọ̀bẹ mọ́ nítorí ẹ̀rù ń bà á pé òun lè pa ìyàwó òun.

Fún ìgbà pípẹ́, ọkàn ẹ̀dá inú ìtàn ni wọ́n ń tú báyìí. Ní 1975 ni àwọn onímọ̀ fíìmù méjì, Christian Metz ní ilẹ̀ Faransé àti Laura Mulvey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yí ìbéèrè náà sí òǹwòran. Metz ní òǹwòran jókòó sínú òkùnkùn, ó ń yojú wo àwọn tí kò rí i, tí wọn kò sì sí níbẹ̀ rárá. Mulvey ní ojú ọkùnrin ni kámẹ́rà Hollywood fi ń wòran, wọ́n sì gbé obìnrin síbẹ̀ fún wíwò. Àwọn méjèèjì yá èrò lọ́wọ́ Jacques Lacan, atúpalẹ̀ ọkàn ará Faransé tó tún ẹ̀kọ́ Freud gbé kalẹ̀.

Rear Window (1954), tí Alfred Hitchcock darí, ni àpẹẹrẹ tó là á yé ni jù. Ayàwòrán tó kán lẹ́sẹ̀ jókòó sójú fèrèsé, ó ń ṣọ́ àwọn aládùúgbò. Olólùfẹ́ rẹ̀, Lisa, fẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó, òun sì ń yẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Lisa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìta lojú rẹ̀ wà. Àfìgbà tí Lisa wọ ilé ẹni tí wọ́n fura sí pé ó pa ìyàwó rẹ̀, tó di ẹni tí ọkùnrin yìí ń fi awò wò lókèèrè, ni ọkàn rẹ̀ tó fà sí i gidi. Níbẹ̀ ni Lisa ti fi òrùka ìyàwó olóògbé náà sọ́wọ́, ó gbọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ń tọ́ka sí i kí olólùfẹ́ rẹ̀ lè rí i. Ẹ̀rí ìpànìyàn ni òrùka náà. Ìgbéyàwó tí ọkùnrin yìí ń sá fún náà ni. Apànìyàn rí ìka tó ń tọ́ka, ó gbójú sókè, ó wo ayàwòrán lójú kòrókòró. Òǹwòran tó ti ń bá a yojú láti ìbẹ̀rẹ̀ bá a kó sí i.

Àtakò pọ̀. Onímọ̀ Joan Copjec (1989) ní àwọn onímọ̀ fíìmù ṣi Lacan lóye. Àwọn onímọ̀ fíìmù David Bordwell àti Noël Carroll (1996) ní àbá wọ̀nyí kò ní ẹ̀rí tó láti ara òǹwòran gidi. Ti bell hooks, òǹkọ̀wé obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà (1992), ló wọlé jù: ó ní àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kò fìgbà kan jókòó síbi tí Mulvey ní òǹwòran ń jókòó sí, nítorí wọn kò rí ara wọn nínú àwòrán náà, ojú àtakò ni wọ́n sì fi ń wò ó. Mulvey náà tún èrò rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Nínú ìwé rẹ̀ ti 2006, ó ní DVD ti jẹ́ kí òǹwòran lè dá fíìmù dúró, kó dá a padà, kó sì tẹjú mọ́ ojú kan ṣoṣo bó ṣe wù ú, èyí tí kò ṣeé ṣe fún ẹni tó jókòó sí ilé sinimá ní 1975.