Ah: nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ kà kí ẹ tó ra bátìrì fún trolling motor

Ẹni tó bá ti ra bátìrì inverter rí mọ Ah, ìyẹn amp-hour. Wọ́n á kọ 200Ah gàdàgbà-gàdàgbà sí i lára, òun náà sì ni ọlọ́jà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn ará wa ní Texas, Georgia àti ibòmíràn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ra ọkọ̀ kékeré láti máa fi ìwọ̀ pẹja lórí adágún tún máa ń bá nọ́ńbà yìí pàdé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ so trolling motor mọ́ ọkọ̀. Trolling motor ni ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ imú tàbí ìdí ọkọ̀, tí abẹ̀bẹ̀ kékeré wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Iná bátìrì ló ń lò, kì í pariwo, kì í lé ẹja sá. Lórí àwọn adágún kan tí omi mímu ìlú ti ń wá, wọn kì í gba ẹ́ńjìnnì bẹntiróò láyè rárá. Irú ẹ̀rọ yìí nìkan ni wọ́n fàyè gbà.

Amp ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn jáde tó. Tí ẹ bá fi iye amp tí ẹ̀rọ ń fà sọ iye wákàtí di púpọ̀, Ah nìyẹn. Bátìrì 100Ah yóò gbé ẹ̀rọ tó ń fa amp 5 fún wákàtí 20. Bí ẹ̀rọ bá wá ń fa amp 50 ńkọ́? Lórí ìwé, wákàtí 2. Lórí omi, kò ní tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bátìrì olójé (lead-acid).

Ìdí ni pé wákàtí 20 yẹn gan-an ni àwọn tó ń ṣe bátìrì olójé sábà máa ń lò láti fi wọn Ah: wọ́n á jẹ́ kí iná máa jáde díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣe ń fa iná jáde pẹ̀lú ipá tó ni àpapọ̀ ohun tí bátìrì olójé lè fún wa ṣe ń dín kù. Ọmọ Jámánì kan, Wilhelm Peukert, ló ṣàlàyé èyí ní 1897, a kò sì tíì rí ọgbọ́n dá sí i fún òjé. Trolling motor pọ́n-ùn 55 (pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń wọn ipá tó fi ń ti ọkọ̀) tó ń lo volt 12 máa ń fa nǹkan bí amp 50 tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin. Bátìrì olójé pẹ̀lú kì í fẹ́ ká lò ó kọjá ìdajì, torí bí ẹ bá ń mu ún gbẹ lóòrèkóòrè, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò kúrú. Nítorí náà, 100Ah olójé kò tó wákàtí kan ní eré àsápajúdé.

Ẹ má bẹ̀rù, ẹnikẹ́ni kì í pẹja ní eré àsápajúdé. Jẹ́jẹ́ la ń lọ, iná tí ẹ̀rọ ń fà nígbà náà sì kéré gan-an. Ká ní ẹ ń fa amp 12 fún wákàtí 5: 60Ah nìyẹn. Ìdajì bátìrì olójé 100Ah jẹ́ 50, kò tó. Ẹ wá èyí tó tó 120Ah. Ìṣirò yìí wúlò ju ìmọ̀ràn ọlọ́jà lọ.

Ẹ má gbé bátìrì mọ́tò síbẹ̀. Àwo òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, kó lè tú iná rẹpẹtẹ jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti jí ẹ́ńjìnnì. Iye iná yẹn ni wọ́n ń pè ní CCA, kò sì kan trolling motor. Èyí tí ẹ ń wá ni deep cycle, tí àwo inú rẹ̀ nípọn. Alárù ni òun, kì í sáré, àmọ́ ó lè ru ẹrù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kàn kọ "marine" sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ìdajì bátìrì mọ́tò, ìdajì deep cycle. Tí ẹ kò bá rí Ah lára rẹ̀, ẹ wá RC, iye ìṣẹ́jú tí bátìrì lè fi gbé amp 25 kí volt rẹ̀ tó já sí 10.5. RC 180 jẹ́ wákàtí 3, ìyẹn 75Ah. Èmi fọkàn tán RC ju Ah lọ, nítorí amp 25 sún mọ́ iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe.

Ti volt kò sí lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ̀rọ bá ní lẹ ó tẹ̀ lé. Pọ́n-ùn 55 sísàlẹ̀ sábà máa ń lo 12, 80 ń lo 24, 112 ń lo 36. Fún 24, ẹ ó so bátìrì méjì tẹ̀ léra, orí rere ti ọ̀kan mọ́ orí òdì ti ìkejì. Volt á di ìlọ́po méjì, Ah kò ní kúrò níbi tó wà. Ẹ má so àgbà mọ́ ọmọdé: bátìrì tó ti gbó á fa tuntun lulẹ̀.

Lithium wá yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní LiFePO4 ló wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀. 100Ah rẹ̀ kì í sábà ju kìlógíráàmù 14 lọ, nígbà tí olójé ń sún mọ́ 30. Ẹ lè lo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, nítorí náà 60Ah tí a ṣírò lókè yẹn kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Owó rẹ̀ ló ga. Volt rẹ̀ kì í sì í rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀: yóò máa lọ geerege, títí kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ yóò fi pa iná lójijì láàárín adágún. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣáájì rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù ju òdo sẹ́ńtígíréèdì lọ, ó sì gba ṣájà tirẹ̀. Minn Kota, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe trolling motor, kìlọ̀ pé tí a bá fi lithium gbé ẹ̀rọ wọn, ká má sá eré tó ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ìgbà pípẹ́, nítorí volt tó ń dúró lókè yẹn lè ba ẹ̀rọ jẹ́.

Èyí tó bá wù kí ẹ rà, ẹ fi breaker sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Amp 60 ni wọ́n sábà ń lò fún ẹ̀rọ tó ń fa 50. Tí bátìrì bá wà ní ìdí ọkọ̀, tí trolling motor wà ní imú, wáyà yóò gùn, bó bá sì ṣe gùn tó ló ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Tí wáyà bá ń gbóná nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ má tíì dá bátìrì lẹ́bi.