Pípàgọ́ ní Ọgbà Ìpínlẹ̀ Itasca

Ọgbà Ìpínlẹ̀ Itasca jẹ́ ilẹ̀ igbó àti adágún tí ìjọba ìpínlẹ̀ Minnesota, ní àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yà sọ́tọ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1891. Òun ni ọgbà ìpínlẹ̀ tó pẹ́ jù lọ ní Minnesota. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 32,000 éékà, adágún inú rẹ̀ sì lé ní 100. Láti inú Adágún Itasca, tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ni odò Mississippi ti ń ṣàn jáde. Àwọn tó ń yà síbẹ̀ lọ́dọọdún lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í padà sílé lọ́jọ́ kan náà: wọ́n á pàgọ́, wọ́n á dáná, wọ́n á sì sùn sí etí omi.

Orúkọ rẹ̀

Àwọn Ojibwe, tí òyìnbó bá lórí ilẹ̀ náà, ń pe adágún yìí ní Omashkoozo-zaaga'igan, ìyẹn adágún elk, ẹranko kan tó jọ àgbọ̀nrín àmọ́ tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ní oṣù keje ọdún 1832, Ozawindib, tó jẹ́ olórí láàárín àwọn Ojibwe, mú òyìnbó kan tó ń jẹ́ Henry Schoolcraft débẹ̀. Orúkọ Schoolcraft ni ọ̀pọ̀ ìwé ń dá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rí orísun Mississippi, ṣùgbọ́n Ozawindib ló mọ ọ̀nà. Ó tọ́ kí a máa dárúkọ rẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èdè ìbílẹ̀ ni Itasca. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn méjì, veritas (òtítọ́) àti caput (orí), ni wọ́n so pọ̀, tí Schoolcraft sì gé iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí àárín fi di Itasca.

Ènìyàn ti ń sùn sí ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ kankan sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà mọ́tò nínú ọgbà náà ní àwọn ọdún 1930, wọ́n kan egungun ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ohun ìjà olókùúta. Àwọn onímọ̀ tó wá hú ilẹ̀ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn sọ pé àwọn ọdẹ ti ń dọdẹ níbẹ̀ láti nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn.

Bí ọgbà náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ ayùn

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn agégẹdú ti ń gé igbó páìnì Minnesota lọ bí iná ọyẹ́. Jacob V. Brower, tó jẹ́ awọnlẹ̀ àti òpìtàn, ló lọ wọn agbègbè orísun odò náà ní ọdún 1889, nítorí pé ọkùnrin kan, Willard Glazier, ti ń kéde pé adágún mìíràn nítòsí ni orísun gidi. Iṣẹ́ Brower parí awuyewuye náà. Àmọ́ ohun tó rí níbẹ̀ ká a lára ju awuyewuye lọ: bí wọn kò bá tètè yà á sọ́tọ̀, kò ní í sí igi kan tí yóò ṣẹ́ kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn aṣòfin, òfin náà sì kọjá, ìbò kan ṣoṣo ló fi borí. Brower fúnra rẹ̀ ni alábòójútó àkọ́kọ́.

Òfin ti wà, ṣùgbọ́n gígé igi kò dáwọ́ dúró, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ gẹdú ṣì ní ilẹ̀ nínú ààlà ọgbà náà. Wọ́n sé odò ní ìsàlẹ̀ ibi tó ti ń jáde nínú adágún, kí omi lè pọ̀ tó láti gbé ìtì igi lọ. Omi adágún kún, ó sì ń bo gbòǹgbò igi etí omi mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1903, lẹ́yìn ikú John Gibbs tó jẹ́ alábòójútó, gómìnà Samuel Van Sant fi ọmọ Gibbs obìnrin, Mary Gibbs, sí ipò náà. Ọmọ ọdún 24 ni. Ìtàn sọ pé ó lọ bá àwọn agégẹdú ní ìsédò, ó ní kí wọ́n ṣí i, wọ́n sì fi ìbọn halẹ̀ mọ́ ọn pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò rí i. Ó fọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn. Kò pé ọdún kan tó fi lò ní ipò náà, àmọ́ mo rò pé kò sí ẹni tó ń sùn lábẹ́ igi páìnì níbẹ̀ lónìí tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Gẹdú gígé ń bá a lọ títí di nǹkan bí ọdún 1920, síbẹ̀ ìwọ̀nba igi àtijọ́ tó ṣẹ́ kù pọ̀ ju ti ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ náà lọ. Àwọn kan ti lé ní 200 ọdún.

Ibùdó àti ìlànà

Ibùdó ńlá méjì ló wà fún àwọn tó ń gbé mọ́tò wá, Pine Ridge àti Bear Paw, ààyè àgọ́ inú méjèèjì sì lé ní 200. Bear Paw ló súnmọ́ adágún jù. Àwọn ààyè kan ní iná mànàmáná. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í gbé mọ́tò dé, ènìyàn á fẹsẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ débẹ̀. Àwọn díẹ̀ tún wà nínú igbó jíjìn fún ẹni tó lè gbé àgọ́ àti oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn rìn. Ààyè kọ̀ọ̀kan ní tábìlì àti òrùka irin tí wọ́n ń dáná sí. Ìforúkọsílẹ̀ máa ń ṣí ní 120 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ tí ènìyàn fẹ́ dé, àwọn ààyè ìgbà ooru sì máa ń tètè tán, pàápàá fún òpin ọ̀sẹ̀.

Igi ìdáná ni ìlànà rẹ̀ le jù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi inú ọgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kó igi wá láti ilé. Èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ń rà. Kòkòrò ló fà á. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń pè ní emerald ash borer dé Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ Éṣíà. Ọdún 2002 ni wọ́n rí i ní Michigan, nígbà tó fi máa di 2009 ó ti dé Minnesota. Abẹ́ èèpo igi ni ìdin rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń pa igi ash. Òun fúnra rẹ̀ kì í fò jìnnà, àmọ́ bí ènìyàn bá di ìtì igi kan sẹ́yìn mọ́tò, ó lè fi ọjọ́ kan gbé e kọjá ìrìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Béárì dúdú wà nínú igbó náà. Kò wọ́pọ̀ kó kọlu ènìyàn, àmọ́ òórùn oúnjẹ máa ń fà á, nítorí náà inú mọ́tò ni oúnjẹ, kúlà àti ọṣẹ ìfọyín pàápàá ń sùn, kì í ṣe inú àgọ́. Ẹ̀fọn pọ̀ gan-an ní oṣù kẹfà àti ìkeje, eégbọn sì ń bẹ nínú koríko. Ẹni tó bá rin igbó ní láti yẹ ara rẹ̀ wò kó tó sùn. Òru lè tutù ní ìgbà ooru pàápàá. Ní ìgbà òtútù, yìnyín máa ń bo adágún, àwọn tó ń wá nígbà yẹn sì ń fi pátákó gígùn tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín láàárín igi.

Ohun tí àlejò kì í gbàgbé ni igbe ẹyẹ loon, ẹyẹ ìpínlẹ̀ Minnesota. Orí omi ló ń gbé, ẹyinjú rẹ̀ pupa nígbà ooru, igbe rẹ̀ lóru sì dà bí ẹni tó ń ké láti òdìkejì adágún. Ẹ̀rù máa ń ba ọmọdé tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Igbó páìnì

Páìnì pupa ni igi ìpínlẹ̀ Minnesota. Èèpo rẹ̀ nípọn, iná kékeré kì í pa á. Iná yẹn gan-an ló ń jó ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ kúrò, tí èso rẹ̀ fi ń rí ilẹ̀ àti oòrùn láti hù. Nígbà tí wọ́n wá dá gbogbo iná dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi ńlá ń dàgbà, àmọ́ àrọ́pò kò hù. Àgbọ̀nrín sì ń jẹ ọ̀mùnú páìnì funfun. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ti padà sí fífi ọgbọ́n dáná sun abẹ́ igbó, wọ́n sì ń fi bébà bo orí ọ̀mùnú páìnì kọ̀ọ̀kan nígbà ìwọ́wé, kí àgbọ̀nrín má bàa jẹ ẹ́.

Orísun odò

Ní ìhà àríwá adágún, omi ń ṣàn gba orí àwọn òkúta, kò sì jìn ju orúnkún lọ. Níbẹ̀ ni àlejò ti ń bọ́ bàtà láti rìn kọjá Mississippi. Ènìyàn ló to àwọn òkúta náà: ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ọ̀dọ́ aláìníṣẹ́ ní iṣẹ́, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe nítorí pé àbàtà ni. Lára òpó igi tó dúró níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé odò náà yóò rin máìlì 2,552 dé etí òkun Gulf of Mexico. Àwọn awọnlẹ̀ òde òní fi í sí nǹkan bí 2,340. Àríwá ló kọ́kọ́ dojú kọ, ó dé ìlú Bemidji kó tó yí padà sí gúúsù. Ilé tí àlejò ń kọ́kọ́ bá nítòsí ibẹ̀, tó ní ilé oúnjẹ àti àwòrán ìtàn odò náà, orúkọ Mary Gibbs ni wọ́n fi sọ ọ́.